Etanercept àbí adalimumab: bí mo ṣe rí méjèèjì ní Kubwa

Làkúrègbé tó ń ṣe mí kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó. Irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ara ń yíjú padà bá oríkèé jà ni. Nígbà tí methotrexate, oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, kò ká a mọ́, abẹ́rẹ́ ló kù. Mo ti lo etanercept, mo sì ti lo adalimumab. Enbrel àti Humira ni orúkọ tí wọ́n fi kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ti ń ṣe irú wọn.

Ní ti kí ara tù mí, mi ò rí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́. TNF, ohun tí ara ń tú jáde tó ń mú oríkèé wú, ni méjèèjì ń dá lọ́wọ́ kọ́. Mo ti ń de bọ́tìnnì aṣọ mi fúnra mi láàárọ̀, omorogùn sì tún dúró lọ́wọ́ mi.

Ìnira wọn ló yàtọ̀. Etanercept, mílígíráàmù 50, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Adalimumab, 40, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ bíi tèmi á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Àmọ́ adalimumab tí mo kọ́kọ́ gbà ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní citrate nínú, ó ń ta bí ata tó kan ojú egbò. Èyí tí kò ní citrate ni mo wá ń béèrè fún: 0.4 mílílítà péré ni. Mo máa ń yọ ọ́ síta nínú fíríìjì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó tó kan itan mi, màá tẹ̀ ẹ́, á dún kọ́, màá dúró kí fèrèsé kékeré tó wà lára abẹ́rẹ́ náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin ìyeyè, ó tán.

Fíríìjì gan-an ni wàhálà Abuja. Ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí Celsius ni méjèèjì ń fẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ dì. Èyí tó bá dì ti bàjẹ́, kódà kó padà yọ́. Humira lè lo ọjọ́ 14 níta tí ibẹ̀ kò bá gbóná ju 25 lọ. Yàrá wo ló wà ní 25 ní Kubwa lóṣù kẹrin, tí wọ́n ti mú iná lọ látàná? Apòògùn kan ní Wuse gbé tèmi lé mi lọ́wọ́ nínú láílọ́ọ̀nù dúdú lásán. "Màdáámù, ó ṣì tutù." Mo ní kó fi tẹmómítà fíríìjì rẹ̀ hàn mí. Kò ní. Mo dá oògùn rẹ̀ padà fún un. Kúlà ni mo ń gbé lọ báyìí, mo sì ń fi aṣọ dí àárín oògùn àti áìsì.

Owó ńkọ́? Iye oṣù kan ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè iye ẹyọ kan: etanercept mẹ́rin, adalimumab méjì.

Ibi tí etanercept ti borí ni pé ó tètè ń kúrò lára, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Ti adalimumab tó ọ̀sẹ̀ méjì. Tí àìsàn mìíràn bá wọlé tí dókítà ní kí ẹ dá abẹ́rẹ́ dúró, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ lò, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ àti hepatitis B wò lára yín, torí oògùn yìí lè jí èyí tó ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn àjò, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ ṣì wà láàyè, kò sì bá abẹ́rẹ́ yìí lọ.

Adalimumab aláìní citrate ni mo wà lórí rẹ̀. Tí ikọ́ ọyẹ́ bá tún dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí, màá ní kí dókítà dá mi padà sórí etanercept.