Òwú Bt àbí SAMCOT: kí ẹ tó san owó irúgbìn

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbin òwú ní Òkè-Ògùn lọ́dún yìí, mo ti gbin méjèèjì: Bt, òwú tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yí àbùdá rẹ̀ padà kí ó lè máa pa ìdin fúnra rẹ̀, àti SAMCOT, irúgbìn òwú tí kò ní Bt nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ti ìdin tó ń jẹ èso òwú, Bt ló borí. Ní Burkina Faso, àwọn tó ń fín oògùn lẹ́ẹ̀mẹfà tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí Bt dé oko wọn ní 2008. Àmọ́ kò rí kòkòrò tó ń fa omi ara ewé mu pa, nítorí náà ẹ má tíì ta páǹpù yín.

Irúgbìn ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. MRC 7377 àti MRC 7361, àwọn Bt tí wọ́n gbé jáde fún àgbẹ̀ Nàìjíríà ní 2018, ẹ̀yà méjì ni wọ́n gùn pọ̀ kí wọ́n tó rí wọn. Kóró tí ẹ bá ṣa lára wọn kì í jọ ìyá rẹ̀, nítorí náà ọdọọdún lẹ gbọ́dọ̀ rà á. Ẹni tó tà á fún mi gba owó, kò sọ. Lẹ́yìn ìkórè, mo ṣẹ́ òwú díẹ̀ kù, mo fi ọ̀pá irin ìyá mi yí kóró rẹ̀ jáde lórí pákó, mo rọ ọ́ sínú kèrègbè. Mo fi gbin odindi éékà kan lọ́dún kejì. Igi kan ga dé àyà mi, èyí tó tẹ̀ lé e kò kọjá orúnkún. Mo la èso kan lára wọn, ìdin ló ká jọ sínú rẹ̀. Owó ẹran-ọ̀sìn méjì ni mo sin sínú ilẹ̀ yẹn.

SAMCOT tí wọ́n ń mú jáde ní Zaria kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbìn lẹ ó kó, ẹ sì lè ṣa kóró sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Okùn òwú náà ṣe pàtàkì: ó kúrú lára Bt ti Burkina, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa á tì ní 2016. Ní Íńdíà, níbi tí Bt ti wọlé ní 2002, ó ti mọ́ ìdin pupa lára, kò sì pa á mọ́. Owó irúgbìn ń lọ, owó oògùn tún padà wá.

Bí ìdin bá ń dà yín láàmú gan-an, tí owó ọwọ́ yín kì í ṣe ẹ̀yáwó, ẹ fi Bt dán éékà kan wò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá olùtà yóò ní in kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àti iye tí yóò tà á. Ní tèmi, éékà mẹ́ta SAMCOT ló wà lóko báyìí, kóró tèmi sì wà lókè àjà.