Ṣọ́ọ̀bù kan tó mọ ìtọ́jú gráọ̀tì ní Dei-Dei
Nígbà tí mo lọ ra gráọ̀tì (àdàlú sìmẹ́ǹtì gbígbẹ tí a máa ń fi omi pò láti dí àlàfo) tí a ó fi dí abẹ́ òpó irin ní ọjà Dei-Dei, ní Àbújá, mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tó wù mí gan-an, nítorí pé orí pákó tó ga kúrò nílẹ̀ ni wọ́n to àwọn àpò náà sí, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n fara kan ògiri. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá gráọ̀tì: bí ó bá wọ inú àpò, sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì kí a tó pò ó, èyí tó bá sì ti ní kókó líle kò yẹ fún iṣẹ́ mọ́. Àwọn alábàárù ju àpò kan sínú ọkọ̀, ó sì ya, ṣùgbọ́n ọlọ́jà pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn.