Apá tí iná ń darí lórí ẹ̀rọ àwo orin: Sony, JVC tàbí Denon?

Àwo orin àtijọ́ tó wà nílé wa ní Àjàṣẹ́, ṣàṣà ni èyí tó ṣì tẹ́jú. Ó ti pẹ́ lábẹ́ páànù gbígbóná, ó ti wọ́ bí ewé tí iná rà. Ẹ gbé irú àwo sákárà bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ lásán, apá tó gbé abẹ́rẹ́ á máa lọ sókè sódò, abẹ́rẹ́ á sì fò. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn apá tí iná ń darí nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ ń ṣọ́ ìrìn rẹ̀, kọ́ìlì àti mágnẹ́ẹ̀tì ń fà á padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Sony pe tirẹ̀ ní Biotracer. Ọdún 1978 ni PS-B80, ẹ̀rọ Sony tó ní irú apá yìí, jáde. Bọ́tìnì iwájú ni ẹ ó fi yan iye gíráàmù tí abẹ́rẹ́ máa fi tẹ àwo. JVC QL-Y5F ní bọ́tìnì mẹ́ta: ọ̀kan fún ìwúwo abẹ́rẹ́, ọ̀kan fún fífa apá padà kó má baà ya sí àárín àwo, ọ̀kan fún dídẹ́kun ìgbọ̀n. Ẹni tó ń pààrọ̀ orí abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́ yóò gbádùn JVC gan-an.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, iná ló ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, kápásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná dúró) inú wọn sì ti lé ní ogójì ọdún. Mo ra ọ̀kan ní Kútọnu rí. Àwo rẹ̀ ń yí dáadáa, ìyẹn nìkan ni ẹni tó tà á fi hàn mí. Nígbà tí mo gbé e délé, apá gbéra, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó já lu etí àwo, abẹ́rẹ́ sì kán. Atúnrédíòṣe kan ní Wándó ló rí i pé lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà ìdí apá ti sán. Ó dùn mí wọra.

Denon DP-47F ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń ra àkọ́rà. Irin ìwọ̀n ẹ̀yìn apá ló ń fún abẹ́rẹ́ ní ìwúwo. Iṣẹ́ iná ni láti mú apá fara balẹ̀. Bí iná apá bá ṣàìsàn, ìwúwo yẹn ò yẹ̀.

Beogram 4000 ti Bang & Olufsen, ọdún 1972, rẹwà, apá rẹ̀ sì ń rìn gbọọrọ. Orí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ń gbà, nítorí náà mo fi í sílẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n ṣe fún Japan, iná fóótì (volt) 100 ló ń jẹ. Iná wa jẹ́ 220, ẹ ó nílò tíránsífọ́mà. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, torí àléébù mìíràn, ìgbà tó bá gbóná ló ń yọjú. Ẹ yá ìwọ̀n kékeré lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, kí ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e: bí bọ́tìnì bá ní gíráàmù 2, ìwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì mú àwo tó wọ́ jù nílé yín dání lọ.