Wáìnì Cahors: ọtí dúdú tó ń béèrè ẹran ọlọ́ràá

Ẹni tó bá ń wá wáìnì tí yóò máa mu lásán níwájú tẹlifíṣọ̀n, kó má ra Cahors. Mo tètè sọ ọ́ kí owó ẹnikẹ́ni má baà ṣòfò. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an o, àmọ́ ìdí oúnjẹ ni ipò rẹ̀ wà.

Pọ́n-ùn 16 ni mo ra tèmi ní Lọ́ńdọ̀nù. Àgbẹ̀ kékeré kan nítòsí Puy-l'Évêque, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é. Bí mo ṣe dà á sínú ife, mi ò rí ìka ara mi ní òdìkejì. Abájọ tí wọ́n ti ń pè é ní wáìnì dúdú látayébáyé. Òórùn rẹ̀ dára: èso dúdú tó pọ́n kọjá, tábà, àti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó ń fa ahọ́n bíi kajú tí kò tíì pọ́n. Mo dà á sínú jọ́ọ̀gì, mo sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Ìgbà tí mo padà síbẹ̀, ara rẹ̀ ti rọ̀, adùn èso sì ti jáde. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Òtútù ń mú kí fífà yẹn le sí i.

Malbec ni àjàrà rẹ̀. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín ní 70% nínú ìgò. Merlot tàbí Tannat, irú àjàrà méjì mìíràn, ló lè dí ìyókù. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Malbec ti Ajẹntínà, tó rọ̀ lẹ́nu, tó sì ń ṣe bí ẹni dùn díẹ̀. Ilẹ̀ Faransé náà ni wọ́n ti gbé igi yẹn lọ: Michel Pouget, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Faransé, ló kó o dé Ajẹntínà ní 1853. Ẹni tó bá fi ti Ajẹntínà sọ́kàn ra Cahors, ẹnu á yà á.

Odò Lot kì í ṣàn tààrà lágbègbè Cahors tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì yìí. Ó yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, oko àjàrà sì wà lórí àwọn ìpele ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ tí odò fi sílẹ̀. Òkè wọn ni ilẹ̀ gíga olókùúta ẹfun tí wọ́n ń pè ní causse. Wáìnì ibẹ̀ máa ń kan díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ojú odò yìí náà ni wọ́n ń gbà kó ọtí wọn lọ sí ìlú èbúté Bordeaux láyé àtijọ́, kó tó wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwà tí àwọn ará Bordeaux hù sí wọn kò dáa rárá: wọ́n ní àṣẹ ọba tí wọ́n fi ń dá ọtí àwọn ará òkè odò dúró kí tiwọn lè kọ́kọ́ tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kòkòrò phylloxera run oko, òtútù oṣù kejì 1956 sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú igi tó kù. Wọ́n tún un gbìn, ìjọba sì fún un ní òǹtẹ̀ AOC, ìyẹn ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, lọ́nà tí òfin là sílẹ̀, ní 1971.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ọ̀rá ara rẹ̀ sè díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní confit, ni ọba wọn. Mo din awọ rẹ̀ títí ó fi ń dún, mo jẹ ẹ́, ọ̀rá bo ahọ́n mi pátá, mo wá gbé wáìnì yẹn sí i. Fífà kò rí ahọ́n fà mọ́! Ọ̀rá ló bá jà, adùn nìkan ló kù sẹ́nu. Cassoulet, ìyẹn ẹ̀wà funfun tí wọ́n fi ẹran pẹ́pẹ́yẹ àti sọ́séèjì sè, náà bá a mu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ àgùntàn yíyan.

Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àsun. Ẹran ewúrẹ́ yẹn kò ṣe nǹkan kan; ata ló dá ìjà sílẹ̀, tó sọ wáìnì di kíkorò. Tí ẹ bá máa jẹ àsun, ẹ jẹ́ kí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹja ọlọ́ràá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá, irin lẹnu á máa gbọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ẹ̀yìn ìgò wò. Tí wọ́n bá kọ Malbec 100% sí i, tí kò sì tíì ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ ṣí i tipẹ́tipẹ́ kí àlejò tó dé. Èyí tí Merlot wà nínú rẹ̀ máa ń tètè rọ̀.