Páálí àtè tàbí ìgò omi ṣúgà: èwo ni ká fi mú ìrẹ̀ nínú ilé?

Akọ ìrẹ̀ nìkan ló ń ké. Apá kan ló ń fi gbo èkejì láti pe abo. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí pàkúté fi sàn ju kéèyàn máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a kiri lóru.

Páálí àtè kò ní wàhálà: ṣí i, tẹ́ ẹ sí ìdí ògiri lẹ́yìn fíríìjì, nítorí ẹ̀bá ògiri ni ìrẹ̀ sábà máa ń gbà. Eruku àti omi ló ń bà á jẹ́. Bí eruku bá ti bò ó, ìrẹ̀ á rìn kọjá lórí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ tó burú jù ni pé kò mọ ìrẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọńlé, tí òun gan-an ń bá wa jẹ kòkòrò. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, epo ìsebẹ̀ díẹ̀ ló máa tú u.

Ìgò omi ṣúgà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ náni ní nǹkan kan. Po ṣíbí ìjẹun 2 ṣúgà (mọlásíìsì, ìyẹn omi ṣúgà dúdú tó ki, ló dára jù, òórùn rẹ̀ ló ń fa ìrẹ̀) mọ́ omi tó dé ìdajì ìgò, kí o fi igi pẹlẹbẹ tì í níta kí ìrẹ̀ lè gùn ún. Má ṣe kún un dé ẹnu, á rí ọ̀nà jáde. Pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 sí 3 kó má baà kan.

Yàrá gbígbẹ tí ọmọdé tàbí ológbò kì í wọ̀, páálí ló bá a mu. Ilé ìdáná tàbí balùwẹ̀ tó tutù, ìgò ni, àyàfi bí èèrà bá ti wà níbẹ̀.