Fèrèsé lúfà àbí sliding: èwo ló yẹ ilé Ìbàdàn?

Ẹni tó bá ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe ní Bódìjà lónìí, lúfà, ìyẹn fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí a tò léra, ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ dànù. Sliding, onígíláàsì ńlá tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló gbòde. Ó ń dán, eruku títì kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú rẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ooru oṣù Ẹrẹ́nà nígbà tí kò síná! Sliding alápá méjì, ìdajì péré ló ń ṣí. Lúfà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán látòkè délẹ̀, bí òjò bá sì ń rọ̀, ẹ lè pa gíláàsì rẹ̀ dé díẹ̀ kí atẹ́gùn ṣì máa wọlé. Afẹ́fẹ́ yìí náà ni Maxwell Fry àti Jane Drew rò nígbà tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n fi ògiri oníhò sí i. Bí gíláàsì lúfà kan bá fọ́, ẹyọ kan lẹ máa rà. Àléébù rẹ̀ ni pé olè lè yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ fi irin sí i.

Lójú tèmi, lúfà ni kí ẹ fi sí yàrá tí ẹ ń sùn. Sliding lè wà ní pálọ̀ tó dojú kọ títì.