Ọ́ìlì alùpùpù: MA2, MA, MB àbí ti mọ́tò, èwo ni kílọ́ọ̀ṣì yín fẹ́?

Òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ló là mí lójú. Àpò ìrẹsì kan ni mo gbé sẹ́yìn Bajaj Boxer mi. Bí mo ṣe ń gùn ún lọ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni pé yóò bẹ́, ọ̀kadà fúnra rẹ̀ kò sì lọ. Mo yí iná sí i, igbe ló fi kún, eré kò kún. Ìgbà tí mo tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Bọ̀dá, ọ́ìlì wo lẹ dà sí i?”

Ọ́ìlì mọ́tò tó ṣẹ́ kù sílé ni, nọ́ńbà bó ṣe ki tó jẹ́ 5W-30, ọ́ìlì gidi tó wọ́n lówó. Ó ní kí n lọ gbé ike rẹ̀ wá. Ó yí ẹ̀yìn ike náà sí mi, ó fi èékánná tẹ àmì róbótó kan tó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ “Resource Conserving” sí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ohun tó ń mú kí mọ́tò má fi bẹ́ẹ̀ jẹ epo ló ń mú kílọ́ọ̀ṣì mi, ìyẹn ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, yọ̀ yẹn.

Ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ń gbé

Nínú Boxer, TVS, Honda CG125 àti ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ní jíà, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún písítìnì, fún jíà àti fún kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì tò léra wọn bí abọ́, ọ̀kan irin, ọ̀kan tí wọ́n lẹ nǹkan sí lára kó lè di èkejì mú. Sípíríǹgì ló ń tẹ̀ wọ́n pọ̀, inú ọ́ìlì sì ni gbogbo wọn wà. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn la ń bẹ ọ́ìlì yìí: kó jẹ́ kí písítìnì máa yọ̀ geere, kó má sì jẹ́ kí pléètì yọ̀.

Ti mọ́tò yàtọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò tó ń lo jíà ọwọ́ kì í sí nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, torí náà àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò lè po kẹ́míkà tó ń yọ̀ bọ̀rọ̀ mọ́ ọn bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí èyí ń pọ̀ sí i ni àwọn ará Japan gbé òṣùwọ̀n JASO T 903 jáde ní 1998, fún alùpùpù nìkan. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì gan-an ni wọ́n fi ń dán ọ́ìlì wò: báwo ni pléètì ṣe ń di ara wọn mú nígbà tí wọ́n ń yí, báwo ni wọ́n ṣe dúró ṣinṣin tó nígbà tí wọ́n bá ti mú ara wọn, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó mú. Ọ́ìlì tó bá jẹ́ kí wọ́n dì dáadáa gba MA. Èyí tó yọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ gba MB. Ní 2006, wọ́n pín MA sí méjì: MA1 ní ìsàlẹ̀, MA2, tó ń jẹ́ kí pléètì dì jù, lókè.

MA2 tàbí MA?

Ẹni tó ń gbé èrò méjì, tó ń ru ẹrù, tàbí tó ń gun òkè Abẹ́òkúta lójoojúmọ́, MA2 ni kó rà. Owó díẹ̀ ló lè lé lórí MA, pléètì kílọ́ọ̀ṣì tuntun àti owó iṣẹ́ sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó kàn ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, MA tó o. Ìwé Honda fún ọ̀pọ̀ alùpùpù wọn kò béèrè ju 10W-30 tó ní MA lọ. Motul 5100 àti Shell Advance AX7 wà lára àwọn tí wọ́n kọ MA2 sí lára, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àmì náà ṣe rí.

MA tàbí MB?

Súkútà tí kò ní jíà, irú Vespa òde òní àti Honda Activa, ló ni MB. Bélìtì ló ń gbé agbára dé táyà ẹ̀yìn, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ, ó sì wà nínú àpótí tirẹ̀ níbi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í dé. MB á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúyẹ́, epo á sì tọ́jọ́ díẹ̀. Jíà kékeré tó wà lẹ́yìn ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń gbàgbé rẹ̀.

Bí ẹ bá da MA sí súkútà, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Bí ẹ bá da MB sí Boxer, òkè Mọ́kọ́lá á sọ fún yín. Ilé tó bá ní méjèèjì, kó kúkú ra MA fún wọn.

Ibi kan wà tó ń tan èèyàn jẹ, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí. Ladies' machine, irú Honda C70, kò ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á wá rò pé súkútà ni. Kì í ṣe súkútà o. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì, òun ló kàn ń dá ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọwọ́: alùpùpù yòówù tó bá ní ibi tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ jíà, MA ni kí ẹ rà fún un. MA náà ni ti kẹ̀kẹ́ Márúwá Bajaj.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra alùpùpù ńlá tòkunbọ̀, tàbí tí ẹ wà lókè òkun, ẹ lè bá kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pàdé lára èyí tó ní jíà: Ducati 916, àwọn Moto Guzzi ńlá, àti BMW R1200GS títí dé 2012. Láti 2013 ni BMW ti gbé ti R1200GS sínú ọ́ìlì. Ti Ducati àtijọ́ yẹn ń dún ṣákáṣáká bí owó ẹyọ nínú agolo, ẹ kò lè ṣì í mọ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, nọ́ńbà ọ́ìlì tó wà nínú ìwé wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kílọ́ọ̀ṣì wọn kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú MA.

Ọ́ìlì mọ́tò ńkọ́?

Mi ò ní purọ́: ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń lo 20W-50 mọ́tò tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kò yọ̀. Kẹ́míkà tí mo ń sọ kì í sábà pọ̀ nínú ọ́ìlì tó ki bẹ́ẹ̀. Inú 0W-20 àti 5W-30 ló wọ́pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí JASO lára ike, bí ẹni di ojú rà á ni. Eyín jíà alùpùpù tún ń lọ ọ́ìlì bí ẹni lọ ata, ọ́ìlì tí wọn kò ṣe fún jíà sì lè tètè ṣàn jù.

Ní ti nọ́ńbà, bí ọ́ìlì ṣe ki tó ni 20W-50 àti 10W-40 ń sọ, wọn kò sọ nǹkan kan nípa kílọ́ọ̀ṣì. 20W-50 bá Boxer àti oòrùn wa mu. Sintẹ́tíìkì náà kì í mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ bí MA bá wà lára rẹ̀. Nínú ọ̀kadà tí ọ́ìlì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, MA olówó pọ́ọ́kú tí ẹ ń pààrọ̀ lásìkò sàn ju olówó ńlá tó dúdú síbẹ̀ lọ. Ẹ wo bóyá ìdérí ṣì ní òǹtẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ la ike náà, kí wọ́n má bàa rọ ayédèrú sínú rẹ̀ tà fún ẹlòmíì.

Bí ẹ bá ti da èyí tí kò yẹ sí i, ẹ má tíì ra pléètì. Ẹ da ọ́ìlì náà nù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, ẹ da MA2 sí i, ẹ gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan láìru ẹrù, kí ẹ tún dà á nù, kí ẹ da tuntun sí i. Èmi ṣe é bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni Boxer mi tún gbé ìrẹsì gun òkè náà.